Oríkì Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ìwé Ọkọ̀

Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì SS2 kọjá ní àkókò brẹ́ẹ̀kì á rò pé ìjà ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ìjà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Apá kan ń pariwo Skyline, apá kejì ń pariwo Supra, àwọn méjì tí wọn kì í fẹ́ ohun tí gbogbo ayé fẹ́ wà nídìí RX-7. Wọ́n mọ agbára ẹ́ńjìnì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ẹni tó wà á nínú fíìmù. Wọ́n ti wà á nínú géèmù títí ìka wọn fi lé. Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: bí owó bá wà lọ́wọ́ yín lónìí, tí ẹ fẹ́ ra ọ̀kan, kí lẹ máa kọ́kọ́ béèrè? Ẹnì kan ní àwọ̀ rẹ̀ ni. Ẹnì kan ní òun á ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí ló kan obìnrin nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní òun á béèrè ìwé.

Èrò tèmi rèé, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú tètè bínú. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ asáré àtijọ́ tó ti Jàpáànù wá gbọ́dọ̀ wádìí ọkọ̀ náà gan-an, ẹyọ kan ṣoṣo tó dúró níwájú rẹ̀, kó tó yọ kọ́bọ̀. Kì í ṣe irú ọkọ̀ náà ni mo wí o. Irú ọkọ̀ náà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí à ń kà lórí fóònù nípa Skyline, oríkì Skyline ni. Oríkì sì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe ìwé ọkọ̀.

Ẹ gbọ́ oríkì rẹ̀ ná, kí wọ́n má baà ní mi ò mọ̀ ọ́n. Nissan gbé Skyline GT-R tí wọ́n ń pè ní R32 jáde ní 1989, wọ́n sì ṣe é títí di 1994. Ẹ́ńjìnì rẹ̀, RB26DETT, ní sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra, pẹ̀lú turbo méjì. Àwọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè gba agbára. Nínú ìdíje Group A ní Jàpáànù láti 1990 sí 1993, eré ìje 29 ni wọ́n sá, GT-R ló gba gbogbo rẹ̀. Ó gba ti Bathurst ní Ọsirélíà ní 1991, ó tún gbà á ní 1992. Ìwé ìròyìn ọkọ̀ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Wheels ló sọ ọ́ ní Godzilla. Ẹ ò rí i? Oríkì gidi ni, orúkọ ẹranko abàmì ló wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: èwo nínú gbogbo èyí ló sọ bóyá ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà ti forí sọ igi rí? Ó lé ní 43,000 R32 GT-R tí wọ́n ṣe. Àwọn tó gba Bathurst kò ju méjì lọ. Àwọn tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi wọ́n sáré lórí òkè lóru, àti lọ́wọ́ àwọn bàbá tó rọra ń fi wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Àwọn kan wà nínú ọgbà ilé tí òjò ń pa.

Nọ́ńbà 280 tí ẹ fi ń bá ara yín jà ní kíláàsì náà kò sọ nǹkan kan. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Jàpáànù fẹnu kò láàárín ara wọn pé àwọn ò ní polówó ọkọ̀ pé agbára rẹ̀ ju 280 lọ. Ọdún 2004 ni àdéhùn yẹn tó túká. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí i pé 280 ni wọ́n kọ sí GT-R, 280 ni wọ́n kọ sí Supra onítọ́bò, 280 ni wọ́n kọ sí NSX. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà yìí pinnu èyí tó lágbára jù, orí ìwé ìpolówó ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí, torí mo mọ̀ pé olùkọ́ kan á béèrè. Ní ilẹ̀ wa níbí, ọkọ̀ wọ̀nyí kò rí títì gbà. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítẹ́rìn wọn wà, torí apá òsì títì ni wọ́n ń gbà ní Jàpáànù. Àwa ti kúrò ní apá òsì láti 2 April 1972. Kọ́sítọ́ọ̀mù wa náà kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ àlòkù tó ti lé ní ọdún méjìlá wọlé. Àmọ́ Ìlú Ọba kò kúrò ní apá òsì ní tiwọn. Sítẹ́rìn ọwọ́ ọ̀tún bá títì wọn mu wẹ́kú, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ asáré láti Jàpáànù fi pọ̀ níbẹ̀. Ta ló sì wà ní Ìlú Ọba? Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún mẹ́fà ló fi kó owó jọ. Ní oṣù tó kọjá ó fi fọ́tò R32 kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp: eérú dúdú, ó ń dán bíi dígí. Oníṣòwò tó ń tà á ní mítà rẹ̀ wà ní 78,000 kìlómítà, pé ní gbàǹjo ní Jàpáànù wọ́n fún un ní máàkì 4, pé ẹlòmíì ti ń bọ̀ wá wò ó, nítorí náà kó san àsansílẹ̀ kó tó di Friday. Bàbá mi ní kí Ọlọ́run bùkún un. Àbúrò bàbá mi ní nǹkan Jàpáànù kì í bàjẹ́. Màmá rẹ̀ tó wà ní Mọ́níyà ní ilẹ̀ tó rà ṣì wà láìní fandéṣọ̀n, ẹ kú oríire ọkọ̀. Èmi kọ sí i lábẹ́nú pé: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ṣáásì àti ìwé gbàǹjo." Ó dá mi lóhùn pé: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti kàwé tán?"

Mi ò tíì kàwé tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀. Bí ọmọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, ẹbí kì í kàn kó iṣu àti obì. Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí. Ṣé àrùn kan ń da ìdílé yìí láàmú? Ṣé gbèsè wà nílẹ̀? Ṣé ẹnì kan ti fẹ́ ẹ sílé tẹ́lẹ̀? Kò sí àgbà tó máa ní kí wọ́n dákẹ́ ìwádìí torí pé oríkì ìdílé ìyàwó dùn létí. Kò sì sí àgbà tó máa rán ẹni tó fẹ́ gba owó nínú ọ̀rọ̀ náà pé kó lọ ṣe ìwádìí ọ̀hún. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyẹn. Ẹni tó ń tà ọkọ̀ ni wọ́n ń bi pé ṣé ọkọ̀ dára.

Nọ́ńbà ṣáásì ni ìbẹ̀rẹ̀. Lára R32, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin tó pín ilé ẹ́ńjìnì níyà sí ibi tí èèyàn ń jókòó. Ti GT-R máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BNR32. Bí ẹ bá rí HCR32, ẹ dúró. GTS-t nìyẹn, àbúrò GT-R tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń gba agbára, tí iye rẹ̀ ò sì sún mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn kan á ra GTS-t, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ GT-R láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á lẹ ààmì pupa yẹn mọ́ ọn níwájú. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún Supra ti àwọn ọdún 1990: SZ tí kò ní turbo ni wọ́n ń sọ di RZ tó ní i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Initial D, ẹ̀yin náà ẹ má rẹ́rìn-ín, torí AE85 tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kéré ti di AE86 lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ panẹ́bítà.

Ìdánwò kan tiẹ̀ wà tí kò ná ni ní nǹkan kan. Alumíníọ́ọ̀mù ni Nissan fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì R32 GT-R àti fẹ́ńdà iwájú rẹ̀ méjèèjì, kó lè fúyẹ́. Òòfà kì í gbá alumíníọ́ọ̀mù mú, Físíìsì JSS ni. Bí ẹ bá gbé òòfà kékeré, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì, sára fẹ́ńdà iwájú tó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́, ìbéèrè dé. Bóyá ọkọ̀ ti kọlu nǹkan tí wọ́n fi fẹ́ńdà mìíràn rọ́pò. Bóyá kì í tiẹ̀ ṣe GT-R.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ìwé gbàǹjo ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí á jókòó sí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọkọ̀ àlòkù tó ń kúrò ní Jàpáànù, inú ọjà gbàǹjo ni wọ́n ti ń rà wọ́n. Kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ síwájú àwọn òǹrajà, ọlọ́pàá ọkọ̀ (orúkọ tí mo fún un nìyẹn, olùyẹ̀wò ni) á yí i ká, á sì kọ ohun tó bá rí sórí ìwé kan. Ó máa ń ya àwòrán ọkọ̀ síbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń fi lẹ́tà sí. A ni ìhara. U ni ibi tó tẹ̀. W ni ibi tí wọ́n ti tún ṣe tí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ṣì rí i. S ni ìpẹtà. XX ni ohun tí wọ́n ti pààrọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń fún ara ọkọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5, inú ọkọ̀ náà ní lẹ́tà tirẹ̀. Mítà wà níbẹ̀. Ọjọ́ wà níbẹ̀.

Lẹ́tà tó yẹ kí ojú yín kọ́kọ́ lọ bá ni R, tàbí RA. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé egungun ọkọ̀ ti fara gbá rí, wọ́n sì ti tún un ṣe. Egungun ni mo pè é o. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ilẹ̀kùn tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé bóòtù ni wọ́n fi dè é, ìyẹn nìkan ò sọ ọkọ̀ di R. Ẹ rí i pé ọ̀nà méjèèjì lèèyàn lè gbà ṣìnà. Ọkọ̀ tí kò ní R lè ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn méjì. Ọkọ̀ tó ní R náà lè jẹ́ pé ibi kékeré kan lábẹ́ búùtù ló tẹ̀, tí wọ́n sì tún un ṣe dáadáa. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún R. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye R kì í ṣe iye 4, ẹni tó bá fi orúkọ 4 ta R fún yín ti jà yín lólè, kódà bí ọkọ̀ bá ń sáré bí ẹfúùfù.

Èdè Jàpáànù ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà, ìkọ̀wé ọwọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Fóònù tó ń túmọ̀ èdè ò lè kà á dáadáa. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, ohun tó gbé jáde fún mi lórí ìwé kan ni "ẹja ń sunkún lẹ́yìn". Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè náà, kí ẹ sanwó fún un. Owó yẹn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọkọ̀.

Mítà ńkọ́? Àwa tí wọ́n bí sínú tòkunbọ̀, ṣé ó yẹ kí ẹnì kan tún máa kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ mítà? Bàbá wo ló wà ní àdúgbò wa tí kò mọ̀ pé mítà ọkọ̀ máa ń padà sẹ́yìn? Ti ọkọ̀ asáré Jàpáànù tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mítà ìsáré tí ọkọ̀ Jàpáànù ìgbà yẹn bá ti ilé iṣẹ́ jáde kì í kọjá 180. Àwọn tó fẹ́ràn eré á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tó dé 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀. Tuntun tó wọlé yẹn, láti òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka kìlómítà. Nítorí náà bí ẹ bá rí ojú mítà tó lọ kọjá 180, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń sọ 60,000, ọjọ́ orí mítà ló ń sọ fún yín, kì í ṣe ti ọkọ̀. Ẹ wá ibòmíràn tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ní Jàpáànù, wọ́n ní àyẹ̀wò ọ̀ranyàn tí wọ́n ń pè ní shaken: ọkọ̀ tuntun á ṣe é lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì-méjì. Ní Ìlú Ọba, àyẹ̀wò MOT ti ọdọọdún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ lè kà á láti Ìbàdàn níbí. Mo kà ti ọkọ̀ Bọ̀dá. Ọdún méjì péré ló wà níbẹ̀, torí ìgbà tí ọkọ̀ dé Ìlú Ọba nìyẹn. Ọdún tó ju márùndínlọ́gbọ̀n lọ tó lò ní Jàpáànù, MOT ò mọ̀ ọ́n rí.

Ìpẹtà ni mo bẹ̀rù jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, nítorí kò sí ìpẹtà nínú géèmù. Ẹ́ńjìnì bàjẹ́, wọ́n lè yọ ọ́ kí wọ́n tún un ṣe lórí tábìlì. Àmọ́ bí ara ọkọ̀ bá dógùn-ún láti inú, gígé ni wọ́n máa ń gé e, kí wọ́n jó irin mìíràn mọ́ ọn, iṣẹ́ yẹn sì lè gba owó ju ẹ́ńjìnì lọ. Àwọn èèyàn ní ọkọ̀ Jàpáànù kì í dípẹtà torí ilẹ̀ mímọ́ ni. Irọ́ ni. Ní àríwá Jàpáànù, níbi bíi Hokkaido, yìnyín máa ń bo títì, wọ́n á sì da iyọ̀ sí i kó lè yọ́. Yíká erékùṣù náà, òkun ni. Ọkọ̀ tí wọ́n lò ní etí òkun tàbí nínú yìnyín ti jẹ iyọ̀ yó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ibi tí ẹ máa wò lára R32: ẹ̀bá táyà ẹ̀yìn, abẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ń fi jáàkì gbé e, etí gíláàsì iwájú, àti orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti wọlé. Ẹ ṣí búùtù kí ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo abẹ́ bátìrì náà, omi bátìrì lè máa jẹ irin jẹ́jẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè lórí ẹ̀rọ, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́ bá dúdú tuntun, bíi pé àná ni wọ́n da ọ̀dà sí i, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ọ̀dà náà bò. Wọ́n máa ń sọ pé ààbò ni. Ó lè jẹ́ ààbò lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ aṣọ òkú.

Ẹ́ńjìnì, n ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí mẹkáníìkì tó mọ RB26 ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ SS2. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé bẹ́líìtì inú rẹ̀ ní ọjọ́ orí, 100,000 kìlómítà ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè rìsíìtì. Turbo tó bá ti ilé iṣẹ́ wá ní apá kan tó jẹ́ amọ̀ líle, bí ẹnì kan bá fẹ́ kó máa fẹ́ atẹ́gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa ń fọ́. Nítorí náà "wọ́n ti tún un ṣe kó lágbára sí i" kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ lásán. Ta ló tún un ṣe? Ìwé rẹ̀ dà? Ti ẹ̀yin RX-7, ẹ́ńjìnì tiyín kò tiẹ̀ ní písítìn rárá, ohun onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnì lásán ò lè wọn tirẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí tí wọ́n ṣe fún un lẹ fi máa wọ̀n ọ́n. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò pọn dandan, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ti sọ ọ́ kí n tó kọ èyí tán: "Bó o bá ń wádìí báyìí, ẹlòmíì á ti rà á lọ." Kó rà á lọ. Ọ̀rọ̀ "ẹlòmíì ń bọ̀" ti dàgbà ju Skyline lọ, ìyá oníṣu ní Bódìjà náà ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹlòmíì ní òun á kàn mú mẹkáníìkì dání. Ó dára, kó mú un. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lónìí ni mẹkáníìkì ń rí. Ìwé ló mọ àná. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ pàápàá lè má rí egungun tí wọ́n ti na tán tí wọ́n sì kun ní ọ̀dà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Èyí tó le jù ni ti àwọn tó ní kò sí nǹkan kan, torí iye ọkọ̀ wọ̀nyí ń lọ sókè ni, pé bó o bá tiẹ̀ ra èyí tí kò pé, wàá tà á lérè. Lóòótọ́, iye wọn ti lọ sókè. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 25 wọlé láìsí ìdíwọ́ tí ọkọ̀ tuntun máa ń ní, nítorí náà láti 2014 ni R32 ti ń wọ ibẹ̀, R34 GT-R àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ní 2023, R34 tí Paul Walker wà nínú fíìmù Fast & Furious ti 2009 lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là ní gbàǹjo. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Kí ni wọ́n sanwó yẹn fún? Ìwé ni. Ẹ̀rí pé ọkọ̀ yìí gan-an ni, kì í ṣe ìkejì rẹ̀, ló gbé iye rẹ̀ dé ibẹ̀. Bí iye ọkọ̀ ṣe ń lọ sókè náà ni èrè inú irọ́ ń lọ sókè. Lọ́jọ́ tí R32 ṣì pọ̀ lówó pọ́ọ́kú, kò sí ẹni tó máa wahala láti yí GTS-t padà.

Bọ̀dá kò san àsansílẹ̀ ní Friday yẹn. Kì í ṣe pé ó gbà mí gbọ́, màmá rẹ̀ ló pè é ní fóònù láago márùn-ún ìdájí tó sì sunkún. Oníṣòwò náà kọ́kọ́ ní ìwé gbàǹjo ti sọnù. Nígbà tó yá ó fi nọ́ńbà ṣáásì ránṣẹ́. BNR32 ni lóòótọ́, ìyẹn dára. A rí àwọn tó ń fi nọ́ńbà ṣáásì wá ìwé gbàǹjo àtijọ́, Bọ̀dá sanwó, ó di ọjọ́ kejì kí ó tó dé. Máàkì 4 kọ́ ló wà níbẹ̀. R ni. Mítà tó wà lórí ìwé, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ọkọ̀ tó wọ Ìlú Ọba, jẹ́ 146,000. Bó ṣe di 78,000 lẹ́yìn tó tún ti rìn sí i, oníṣòwò ní òun ò mọ̀, pé bóun náà ṣe rà á nìyẹn.

Ibi tí àwa méjèèjì kò ti fẹnu kò ló kù. Oníṣòwò ti dín iye rẹ̀ kù gan-an, Bọ̀dá sì ní R tí wọ́n tún ṣe dáadáa ṣì jẹ́ GT-R, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà, torí láti 2017 ni Nismo ti ń tún àwọn kan nínú ẹ̀yà ara R32 ṣe ní tuntun. Ohun tó sọ yẹn ò burú, èmi fúnra mi ló kà nípa Nismo fún un. Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ kì í ṣe R. Ẹni tó mọ̀ pé R ni tó pè é ní 4, kí ló tún mọ̀ nípa abẹ́ ọkọ̀ tí kò tíì sọ? Mo ní kí Bọ̀dá wo òmíràn. Ó ti rí ọ̀kan, ti ẹnì kan tó ti ń lò ó fún ọdún mọ́kànlá, tí rìsíìtì rẹ̀ kún páálí kan. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣá. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n á gbé e sókè kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, mo sì ti ní kó mú òòfà dání.